Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kíláàsì Faransé mi ní Kábbà

Okun o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo kọ ọ́ síbí lọ́jọ́sí pé àwọn ọmọ JSS 1 mi kì í la ẹnu nínú kíláàsì Faransé, wọ́n á kàn máa da ìwé kọ ni. Ẹnìkan nínú yín ní kí n yẹ ọ̀nà James Asher wò, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tó fi èdè Japan àti Rọ́ṣíà dán an wò ní àwọn ọdún 1960: olùkọ́ á pàṣẹ, á ṣe é lójú wọn, àwọn náà á fara ṣe é, láìfipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ó ṣiṣẹ́! Mo ní "Levez-vous", mo dìde, gbogbo wọn dìde. "Touchez la fenêtre", wọ́n rọ́ lọ sídìí fèrèsé. Nígbà tó yá, ẹnu nìkan ni mo fi ń pàṣẹ, wọn ò sì ṣì í. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí òun náà pàṣẹ. "Asseyez-vous!" (ẹ jókòó). Ohùn rẹ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Inú mi dùn gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ bí "àná" kò ṣe é fara ṣe, pátákó ni mo ṣì ń lò fún irú wọn. Ẹ ṣeun, pàápàá ẹni tó dárúkọ Asher. Mo ti rí ìdáhùn mi, ó parí síbí.