Irú táìlì wo ni kí n lẹ̀ sí ilé ìwẹ̀ màmá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí èmi àti ọkọ mi ń kọ́ ní Ìbàdàn ti fẹ́ parí. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wáyà iná ti wọ ògiri, táìlì àti ọ̀dà ló kù. Màmá mi, ẹni ọdún 74, ń bọ̀ wá bá wa gbé. Orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

Ilé ìwẹ̀ wọn ló sú mi. Mo ra oríṣi táìlì mẹ́ta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo da omi ọṣẹ sí wọn, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ wọ́n. Èyí tó ń dán yọ̀ bí ilá. Èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka kò yọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí há sí i, mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Táìlì wẹ́wẹ́ tó ní ojú ìpàdé púpọ̀ (ibi tí táìlì kan ti kan èkejì) ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, àmọ́ ẹni tó ń bá wa lẹ táìlì ní omi yóò máa gba ojú ìpàdé wọlẹ̀.

Mo tún fẹ́ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù oníhò tó nípọn ní ínṣì márùn-ún ni wọ́n fi mọ ògiri náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé irin yóò já nígbà tí màmá bá fara tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí fún àgbàlagbà: ṣé táìlì wẹ́wẹ́ yẹn lè pẹ́ láìjò? Ṣé kí a fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù níbi tí irin yóò wà kí a tó lẹ táìlì?