Ẹ̀yin ajẹ́ǹtì ilé àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ilé láti fi gba ayálégbé, kí lojú yín ti rí?

Ajẹ́ǹtì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti àná tí wọ́n ti béèrè ìbéèrè yìí ni mo ti ń rí i pé kọmíṣọ̀n, owó iṣẹ́ àwa ajẹ́ǹtì, nìkan là ń jà lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí.

Lọ́dún 2021, mo bá bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ra ilé kan, kò jìnnà sí FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ níbí. Yàrá 8, mílíọ̀nù 14 náírà. Bàbá bi mí pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo lowó mi máa padà wọlé?" Mo ní yàrá kan ń mú 150,000 wá lọ́dún, ọ̀nà 8 rẹ̀ jẹ́ 1,200,000, kò ní tó ọdún 12. Gbogbo ọkàn ni mo fi sọ ọ́. N ò parọ́, ṣùgbọ́n n ò sọ òótọ́ délẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń gbé ilé náà ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ sílé. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá ti pé, kò tún òmíràn san. Yàrá 5 ló ṣófo. Àárín ìgbà yẹn náà ni pọ́ǹpù omi jó. Bàbá pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò sọ èyí fún mi." Wọn ò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Gírátúítì, owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé lọ sínú ìṣirò tí n ò ṣe parí.

Ọdún 2023 ni nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìkọ̀lé tó wà ní London, wá là mí lójú. Mo ń ka iye tí ilé kan ń mú wọlé fún un lórí fóònù, ló bá dá mi dúró: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tó ń wọlé. Ohun tó ń kù ni kẹ́ ẹ sọ." Ó ní kí n mú bírò. Yàrá kan tó lè ṣófo lọ́dún, 150,000. Pọ́ǹpù àti epo jẹnẹrétọ̀, 120,000. Ọ̀dà àti páànù tó ń jò, 80,000. Gbígbọ́n sọkawéè (kòtò ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀), 50,000. Ẹni tó ń bójú tó ilé, 120,000. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣe ìṣirò kan náà sórí ilé bàbá. 680,000 ló kù nínú 1,200,000. Mílíọ̀nù 14 á lé ní ogún ọdún kó tó padà, ìyẹn tí ASUU ò bá daṣẹ́ sílẹ̀ rárá. Mo jókòó ti ìwé yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ìgbà náà, n kì í mú ẹnikẹ́ni lọ wo ilé tí n ò tíì ṣírò rẹ̀ báyìí. Mo máa ń bẹ ẹni tó ń ta ilé kó fi ríṣíìtì ọdún méjì sẹ́yìn hàn mí, torí ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Tí ilé ò bá bá oníbàárà mi mu, mo máa ń sọ ọ́, bí kọmíṣọ̀n tilẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ti ra ilé méjì lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì ń bá a gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Ti bàbá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. A fi yàrá 3 sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti àgùnbánirọ̀, kó má baà jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nìkan. N ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lórí rẹ̀.

Onílé, Adó-Èkìtì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi kún ìṣirò yẹn. Àpáta ló pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa ní Èkìtì, ẹlòmíì á gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, owó á lọ, omi ò ní jáde. Ajẹ́ǹtì tó bá mi ra ilé mi ò jẹ́ ká san owó lóṣù kẹsàn-án, ó ní òjò ń bo àṣírí kànga. Lóṣù kejì la padà lọ. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Nígbà tó fà á sókè, ibi tó tutù lára okùn ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ẹni tó ń ta ilé wo ilẹ̀. Wọ́n yọ owó gbígbẹ́ kànga mìíràn kúrò nínú iye ilé náà kí n tó san án. Ajẹ́ǹtì mi pàdánù díẹ̀ nínú kọmíṣọ̀n tirẹ̀ níbẹ̀, kò sì ráhùn.

Ajẹ́ǹtì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ti ìwé ni tèmi. Ilé ẹbí ni, àkọ́bí ló ń tà á, ó ti fọwọ́ síwèé. Oníbàárà mi láti Èkó ti kó owó dání, ó fẹ́ sọ ọ́ di self-con mẹ́fà, yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀. Mo béèrè olórí ẹbí, wọ́n ní ó ń ṣàìsàn, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Mo kọ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò sí nídìí títà rẹ̀, òfo ni títà náà lábẹ́ òfin, ẹni tó sanwó ni yóò sì máa sáré kóòtù. Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá náà, oníbàárà mi, lójúkojú. Oṣù mẹ́rin gbáko ni àwọn ará ilé fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kí olórí ẹbí tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn olórí ẹ̀ka ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá yẹn ò lọ sọ́dọ̀ ajẹ́ǹtì mìíràn, èmi ló dúró dè.