“Àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtúntẹ̀” ò tó: èrò tèmi lórí ìtàn alápòótí àti àwọn ìwé tó ń gbé e padà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá. Wọ́n ń kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn tó ń kó ìtàn aláwòrán inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ jọ, àwọn èyí tí wọ́n ń tẹ̀ padà sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle lónìí, wọ́n sì dábàá pé ká máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní “àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtúntẹ̀”. Ọ̀pọ̀ ti fọwọ́ sí i. Àbúrò wa kan ní ká kúkú pè é ní kátúùnù kí kálukú sinmi. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. “Ìtàn alápòótí” ni mo fẹ́ ká máa pe irú ìtàn yìí, torí pé inú àpótí, ìyẹn ìlà onígun mẹ́rin tó yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká, ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn ìwé yìí ni mo máa ń fowó mi rà, mo sì mọ ohun tí ojú olùrà máa ń rí tí orúkọ ohun tó ń rà kò bá péye.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kátúùnù kúrò lọ́nà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ní òun ń wo kátúùnù, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló jókòó sí. Àwòrán kan ṣoṣo tí Akinọlá Láṣekàn máa ń yà sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti fi bá ìjọba amúnisìn wí, kátúùnù náà la tún ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ru ẹrù méjì, ẹ má di ẹ̀kẹta lé e lórí.

“Àwòrán ẹ̀fẹ̀” ló gba àlàyé. Mo mọ ibi tó ti wá. Òyìnbó fi orúkọ tó jẹ mọ́ ẹ̀rín, “comics”, pe iṣẹ́ yìí nítorí pé ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1895, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn New York ń fi àwòrán àwọn ọmọ aláìgbọràn du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwa wá túmọ̀ orúkọ, a ò wo iṣẹ́. Ẹ wo Prince Valiant tí Hal Foster bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1937. Ìtàn jagunjagun ayé ọba Arthur ni: ogun, òkun, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ilene, tí Valiant fẹ́ràn dénú, tí omi sì gbé lọ. Ẹ̀fẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Nígbà tí Milton Caniff jẹ́ kí Raven Sherman, obìnrin kan nínú ìtàn rẹ̀, kú nínú Terry and the Pirates ní oṣù Kẹwàá ọdún 1941, lẹ́tà ìbánikẹ́dùn làwọn òǹkàwé ń kọ ránṣẹ́. Ta ló ń kẹ́dùn nítorí ẹ̀fẹ̀?

Ẹ̀rí wà nílé pẹ̀lú. Àwọn tó dàgbà tó láàárín wa á rántí Atọ́ka, ìwé tí wọ́n ti máa ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé Yorùbá to eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fọ́tò kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu kálukú. Òmíràn pani lẹ́rìn-ín, òmíràn pani lẹ́kún. Bí a ṣe ń kà á ló so gbogbo wọn pọ̀: ojú á kúrò nínú àpótí kan, á bọ́ sínú èkejì, ọkàn òǹkàwé á sì fúnra rẹ̀ parí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí “ìtàn alápòótí”. Ẹ jẹ́ kí n mú ojú ìwé kan ṣoṣo. Winsor McCay bẹ̀rẹ̀ Little Nemo in Slumberland nínú New York Herald ní oṣù Kẹwàá ọdún 1905. Nínú èyí tó jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1908, Nemo, ọmọkùnrin tó máa ń lálàá, wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn. Ó jáde sí ìgboro, ó ń gbẹ́sẹ̀ láàárín àwọn ilé, ó ń dá òrùlé kọjá. Bí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣe ń gùn ni àpótí tí McCay yà á sí náà ń gùn, débi pé ojú òǹkàwé fúnra rẹ̀ ní láti gòkè kó tó rí orí bẹ́ẹ̀dì, kó sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bẹ́ẹ̀dì fẹsẹ̀ kọ, Nemo já bọ́, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ló sì ti jí nínú àpótí kékeré tó gbẹ̀yìn. Nínú iṣẹ́ yìí, àpótí gan-an ń sọ ìtàn. “Ìtàn aláwòrán” nìkan ò lè sọ ìyẹn fún wa, torí pé Aláwíyé tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ ìwé kíkà náà ní àwòrán, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní irú ohun tí McCay ṣe.

Ẹnìkan ti sọ pé àpótí á mú kí èèyàn ronú kan aṣọ tàbí ìbò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa là ń kọ fọ́ọ̀mù. Tí wọ́n bá ní ká fàmì sí àpótí, kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí yóò fàmì sí.

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí rán mi létí Powerman, ìwé ìtàn akọni tí wọ́n ń yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà ní Nàìjíríà láti 1975. Dave Gibbons àti Brian Bolland ló ń yà á, kí òkìkí wọn tó kàn. Wọ́n fi nọ́ńbà sára àpótí kọ̀ọ̀kan, nítorí èrò pé òǹkàwé Nàìjíríà lè má mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ kà. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Ẹni tó ti ń ka Atọ́ka ò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a ka àpótí. Ní 1988 wọ́n tún un tẹ̀ fún ọjà òkè òkun lábẹ́ orúkọ Power Comics, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ Gibbons àti Bolland sì ń wá a kiri.

Fún ìlà àpótí kan tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde lóòjọ́, “ọ̀wọ́” tó. A ti ń sọ ọ̀wọ́ ẹran, a ti ń sọ ọ̀wọ́ ìwé. Charles Schulz ya ọ̀wọ́ 17,897 fún Peanuts láàárín ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1950 àti ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000. Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni èyí tó gbẹ̀yìn jáde. Ti ọjọ́ Àìkú, tó máa ń gba ojú ìwé tó sì máa ń ní àwọ̀, “ọ̀wọ́ ọjọ́ Àìkú”. Ìyẹn ò le.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára ni “àtúntẹ̀”. Ó tó fún ìwé ọ̀rọ̀ lásán, torí pé bí wọ́n bá pààrọ̀ lẹ́tà tàbí ìwọ̀n ojú ìwé, gbólóhùn òǹkọ̀wé ṣì wà bó ṣe wà. Àwòrán ò rí bẹ́ẹ̀. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìwé tí wọ́n ń tẹ ìròyìn sí. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án, á di ìyeyè, á sì máa rún lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà ya fọ́tò ìwé ìròyìn àtijọ́ wọn sórí fíìmù kékeré tó jẹ́ dúdú àti funfun, wọ́n sì kó ojúlówó dànù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọ̀ ọjọ́ Àìkú ṣe bá ibẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan ní San Francisco, Bill Blackbeard, ló ń gba àwọn ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn láti ìparí àwọn ọdún 1960, tó ń kó wọn kún ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù náà lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ àjàgbé mẹ́fà ló gbé e, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 75. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí à ń rà lónìí, inú ẹrù yẹn ni wọ́n ti rí ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ padà. Tí mo bá ṣí ọ̀kan nínú wọn, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ó kú ní 2011.

Àmọ́ bí ojú ìwé àtijọ́ bá ti tẹ òǹtẹ̀wé lọ́wọ́, ohun tí kálukú ń ṣe sí i yàtọ̀. Ní 2005, Peter Maresca tẹ àṣàyàn Little Nemo jáde ní íńṣì 16 sí 21, bí ìwé ìròyìn ṣe fẹ̀ gan-an láyé McCay. Ó fọ ìdọ̀tí kúrò lára àwọ̀, kò sì sọ ìwé di funfun báláú. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun tó dà bí àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ jẹ́ àmì tó-tò-tó pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sórí ìwé, torí ọ̀dà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ ní, àmì wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n sì fi ń po ìyókù. Èyí ni mo fẹ́ ká pè ní “àtúntẹ̀ gẹ́lẹ́”. Òǹtẹ̀wé mìíràn á kó àwọ̀ àtijọ́ dànù, á fi kọ̀ǹpútà kun ún lọ́tun, á máa dán. “Àtúnkùn” nìyẹn, kì í ṣe àtúntẹ̀. Òmíràn á gé àpótí, á tò ó lọ́nà mìíràn kó lè wọ inú ìwé kékeré, nígbà míì á tilẹ̀ ya díẹ̀ kún etí rẹ̀ kó lè kún ojú ìwé. “Àtúntò” lèyí. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnìkan tó pè é ní àtúntẹ̀ lásán. Nígbà tí mo ṣí i, ilé olódi wà níbẹ̀, ojú ọ̀run tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ti gé kúrò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ọ̀run yẹn ni oníṣẹ́ ọnà náà fi jẹ́ ká mọ bí ọmọ tó dúró nísàlẹ̀ ṣe kéré tó.

Ti Foster tún yàtọ̀. Àwọn ìwé Prince Valiant tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Fantagraphics bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2009 kò ti inú ìwé ìròyìn wá rárá. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ ẹyọ díẹ̀ sórí ìwé tó dáa kó lè yẹ àwọ̀ wò. Ó tọ́jú wọn, wọ́n sì wà ní yunifásítì Syracuse. Àwọn ẹyọ yẹn ni wọ́n lò. Fún irú èyí, mo ní “àtúntẹ̀ láti orísun”.

Ẹ̀gbọ́n wa ti ní orúkọ púpọ̀ á da òǹkàwé láàmú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ òkè, ṣé kì í bèèrè bóyá sányán ni, àlàárì ni, àbí ẹtù? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ kó lè rọrùn fún oníbàárà.

Ní ti “àkójọ” àti “àṣàyàn”, mo rí i pé ẹ̀ ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Kò yẹ. Ìwé tí ilé iṣẹ́ Smithsonian gbé jáde ní 1977, tí Blackbeard àti Martin Williams jọ ṣe, àṣàyàn ni: díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, òun ló sì ṣí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn sí iṣẹ́ yìí. Ti Peanuts tí Fantagraphics tẹ̀ láti 2004 dé 2016, ọdún méjì nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdìpọ̀ 25 kí wọ́n tó fi ẹ̀kẹrìndínlọ́gbọ̀n ṣe àfikún, àkójọ nìyẹn. Ẹni tó ń kó ìwé jọ kì í ṣi méjèèjì mú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń túmọ̀ máa yọ̀ sí. George Herriman, tó ya Krazy Kat láti 1913 títí tó fi kú ní 1944, kò gbà láti sọ bóyá akọ ni Krazy tàbí abo. Lónìí ológbò náà á jẹ́ ọkùnrin, lọ́la á jẹ́ obìnrin, eku tó ń jẹ́ Ignatz á sì máa sọ bíríkì lù ú, òun á gbà pé ìfẹ́ ni. Àwọn tó ń kọ èdè tó ní akọ àti abo máa ń bá ọ̀rọ̀ yìí wọ̀yá ìjà. Àwa ní “ó”. Ìdílé aláwọ̀ dúdú New Orleans ni wọ́n bí Herriman sí ní 1880, aláwọ̀ funfun ni ayé mọ̀ ọ́n sí títí tó fi kú, ìwé ìbí rẹ̀ ló tú àṣírí náà ní 1971. Mo gbà pé àwa gan-an ló yẹ ká túmọ̀ rẹ̀, ká sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ó ku ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí, ohun roboto tó máa ń jáde lẹ́bàá orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Foster kì í lò ó, abẹ́ àwòrán ló ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò ó, a sì nílò orúkọ. “Bálúùnù” tí àwọn kan dábàá ti di ti ọjọ́ ìbí ọmọdé. Mo ní “ilé-ọ̀rọ̀”, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn tán, torí pé tí ẹni inú àwòrán bá ń ronú láìsọ̀rọ̀, orúkọ mìíràn ló yẹ ká pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó fi àpilẹ̀kọ wọn ránṣẹ́.