Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta nínú hóró kan kò ní pọ̀ jù fún àgbàlagbà?

Àkànní, Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyá mi, ẹni ọdún 63, ń lò. Nígbà tí mo tú àpò oògùn wọn wò lọ́jọ́ Àìkú, mo rí i pé páálí kan ti ṣófo láti oṣù tó kọjá, wọn kò sì fọwọ́ kan èkejì mọ́, nítorí wọ́n ní kì í jẹ́ kí àwọn sùn, ìtọ̀ ni ṣáá ní gbogbo òru. Dókítà ti wá dábàá hóró kan tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ṣé kò ní fa ìfúnpá wọn wálẹ̀ jù?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Gwagwalada
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Níhìn-ín ní Àbújá gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí VERONICA, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ṣáájú, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2024. Wọ́n pín 300 ènìyàn sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń lo hóró tó ní telmisartan, amlodipine àti indapamide nínú, àwọn yòókù ń gba ìtọ́jú tí a mọ̀, níbi tí a ti ń fi oògùn kan bẹ̀rẹ̀ kí a tó fi òmíràn kún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n nílé fi 31 wálẹ̀ lára àwọn ti àkọ́kọ́, ó fi 26 wálẹ̀ lára àwọn kejì. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ìwọ̀n oògùn kọ̀ọ̀kan kéré níbẹ̀. Hóró tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù ní amlodipine 1.25 mílígíráàmù péré, bẹ́ẹ̀ 5 ni a sábà máa ń fún ènìyàn. Amlodipine ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, telmisartan ń dí ohun tó ń fún iṣan pọ̀ lọ́wọ́, indapamide sì ń lé iyọ̀ àti omi jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni Màmá ń lo èyí tó ń mú wọn tọ̀? Àárọ̀ ló yẹ.

Bàbá Ìbejì, Nyanya
Ìjọba Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí irú hóró yìí ní oṣù Kẹfà 2025. Ṣùgbọ́n ẹ ka mílígíráàmù tó wà lára páálí dáadáa, nítorí pé àwọn àpapọ̀ mìíràn tó wà lórí àtẹ kò kéré bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì yẹ kíndìnrín àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ Màmá wò, torí indapamide lè dín iyọ̀ náà kù lára àgbàlagbà. Aláboyún kankan kò gbọdọ̀ bá wọn pín in, telmisartan léwu fún ọmọ inú.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Gwagwalada
Òótọ́ ni. Ẹ kò sì ní láti wá sí Gwagwalada nítorí wíwọn ìfúnpá. Láti 2020 ni ètò ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà ní 60 ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé káàkiri Àbújá.

Àkànní, Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bi wọ́n: lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé àárọ̀ ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi fúnra mi ni n ó gbé páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá dókítà.