Àbọ̀ ọ̀rọ̀ òórùn ilé ìwẹ̀: a ti rí ìdí rẹ̀

Ẹ ṣé fún àdúrótì yín. Mo béèrè ohun tó ń fa òórùn ní ilé ìwẹ̀ mẹ́ta nínú búńgálò tí a fẹ́ rà n'Íbàdàn, nígbà tó jẹ́ pé W.C. ń ṣàn dáadáa. Àwọn tó sọ pé floor trap (páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ ihò ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, tí omi inú rẹ̀ ń dí òórùn) ló fà á ni wọ́n gbà á. Ilé náà ti ṣófo pẹ́, omi inú trap ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sókàwéè sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Garawa omi kan pa òórùn ilé ìwẹ̀ méjì. Bí ilé á bá ṣì ṣófo, ẹ kán òróró díẹ̀ sójú omi náà, kò ní í tètè gbẹ.

Ẹ̀kẹta kò lọ. Bí a bá ti tẹ W.C., básíìnì á dún gbulugbulu. Kò sí páìpù èémí tó yọ sókè òrùlé, nítorí náà omi tó ń sáré lọ ń fa omi inú trap básíìnì tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi W.C. nìkan dán ilé wò. Ẹ rọ omi kún gbogbo básíìnì, ẹ tú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan dúró ti inspection chamber (kòtò onídèérí níta tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá lọ sí sókàwéè) tí a ti ṣí. Bí omi bá dúró síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé sókàwéè ti kún, tàbí pé páìpù kò dagẹ̀rẹ̀ tó: ti íǹṣì 4 yẹ kó lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 25 ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń tà á ti gbà láti fi páìpù èémí sí i kí a tó sanwó.