“Àyẹ̀wò ìfẹsẹ̀rìn” sàn ju “ìdánwò ìrìn” lọ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ìkòròdú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn dábàá pé kí a máa pe rírìn tí àwọn dókítà ń mú ẹni tí àrùn ọpọlọ tàbí ti iṣan ń bá jà rìn, kí wọ́n lè mọ bí àrùn náà ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó, ní “ìdánwò ìrìn”. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò, yóò yege tàbí kó fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n nínú irú rírìn yìí tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú 6 ṣe, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn tó mítà 30 ni aláìsàn yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀. Ó lè dúró sinmi bó bá rẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago kò ní dúró dè é, iye mítà tó bá sì rìn ni wọn yóò kọ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wé ti ìgbà mìíràn. Ẹnìkan lè ní wọ́n ṣáà ń sọ fún un pé kó rìn jìnnà dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n máàkì wo ló fẹ́ gbà?

“Ìrìn” nìkan tún fẹ̀ jù, nítorí ẹni tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ náà rin ìrìn. “Ìrìnsí” ti di ọ̀rọ̀ ìwà, àwọn olóṣèlú sì ti gba “ìgbésẹ̀” mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú “àyẹ̀wò ìfẹsẹ̀rìn”.

Ibi tó le jù ni orúkọ ohun tí ojú dókítà ń wá. Èdè wa kò tòṣì níbẹ̀: ẹnìkan ń tiro, ẹnìkan ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹnìkan ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan nítorí àrùn ìdílé tó ń ba iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ a máa wọ́ ọmọ ìka nílẹ̀. Ẹni tó ní àrùn Friedreich, àrùn ìdílé mìíràn tí kì í jẹ́ kí ìrìn dúró déédéé, èyí tí dókítà ará Jámánì tó ń jẹ́ orúkọ náà kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1863, ni ó ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n, tí ó ń ya ẹsẹ̀ rìn kó má baà ṣubú. “Àìlera ẹsẹ̀” kò bá tirẹ̀ mu, torí agbára lè wà nínú ẹsẹ̀ kí ìṣọ̀kan má sí nínú bí ó ṣe ń gbé e. Síbẹ̀, ọ̀mùtí ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú “ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n”, ẹ̀sùn ọtí gan-an sì ni wọ́n ń fi kan irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ládùúgbò wa, bí ìrìn ọmọ ẹni bá yí padà tí wọn kò ní ó mutí, wọn a ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. “Ìrìn àìdúródéédéé” ni èmi yóò kọ sínú ìwé aláìsàn.

Ní ti “àrùn ọ̀wọ́n”, tí àwọn kan ń pe àrùn tí kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ní, ohun tí a ń wá tí a kò rí ni ó ń wọ́n, bí epo bẹntiróòlù. Ta ló ń wá àrùn? “Àrùn àìwọ́pọ̀” tó.

Wọ́n tún béèrè orúkọ fún ìrìn tí gìgísẹ̀ kan ti ń kan ọmọ ìka èkejì lórí ìlà tààrà. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé, “Bàbá, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, kí ẹ máa rìn bọ̀,” bàbá yóò rìn, láìsí pé a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan.