Ìyún tí kò lọ: ìrírí àwa obìnrin Okun tó ní PCOS (àìsàn họ́mọ́nù tó ń da ilé ẹyin obìnrin láàmú)

Aránṣọ, Kàbà:

Okun o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò. Ọ̀rọ̀ ojú ara kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba nílé wa, àmọ́ ojú ti tì mí tó, ó ti sú mi.

Ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀. Ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, pẹ̀lú ṣòkòtò tó fún mọ́ mi nítan. Ìyún dé, àfi bíi pé ẹnìkan da wèrèpè sí mi lábẹ́. Oníbàárà á dúró kí n wọ̀n ọ́n, èmi á máa fi itan kan há èkejì mọ́lẹ̀, màá wá máa rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tó ń jáde funfun, ó dì bíi wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, kò sì rùn rárá. Mo ra oògùn àkìbọ̀ kan ní kẹ́míìsì, ó lọ. Oṣù méjì, ó padà. Kí ọdún yẹn tó parí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣe mí.

Ẹ wá wo ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ apakòkòrò fọ̀ ọ́. Mo fi álọ́ọ̀mù sí i. Obìnrin kan ta àgúnmu tí wọ́n dì sínú aṣọ pélébé fún mi, pé kí n kì í bọ inú kí n sì sùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń ta mí, èmi náà sì gbà pé títa tó ń ta yẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n tún ní infẹ́ṣọ̀n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, mo gbé ìjà ko gbogbo ará ilé lórí ṣáláńgá. Mo ti padà lọ bẹ ìyá tó wà ní yàrá kejì. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹni tó dá mi lóhùn kò yẹ̀ mí wò. Ó bi mí bóyá ọkọ mi máa ń rìnrìn àjò, ó wo nọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó kọ antibáyótíìkì fún mi. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyún yẹn di ìlọ́po méjì.

Lọ́kọ́ja ni mo ti bá dókítà obìnrin kan pàdé. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn. Mo ní ó ti tó oṣù mẹ́ta, pé bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní kí n tú ìborùn mi. Ó rí irorẹ́, ó rí irùngbọ̀n tí mo fi bíléèdì fá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó fi òwú tó rẹ sómi nu ẹ̀yìn ọrùn mi níbi tó dúdú, ó gbé òwú náà síwájú mi: funfun báláú. Ó ní, "Ìdọ̀tí kọ́ nìyí, ọmọ mi." Mo sunkún níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ra kànìnkànìn tuntun fún mi rí nítorí ọrùn yẹn.

Wọ́n gba díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde, wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Wọ́n ya àwòrán ilé ẹyin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. PCOS ni. Ó ní àmì mẹ́ta ni àwọn ń wò: nǹkan oṣù tó ń fo, họ́mọ́nù ọkùnrin tó pọ̀ jù, àti ilé ẹyin tí àpò ẹyin kéékèèké kún inú rẹ̀. Tí méjì bá ti pé, tí kì í sì í ṣe àìsàn mìíràn tó jọ ọ́, òun náà ni. Èyí tó ń yún mi, ó ní ìwúkàrà ni, ẹbí èyí tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì. Kò ti ṣáláńgá wá. Ó ń gbé lára ọ̀pọ̀ obìnrin láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, títí yóò fi rí oúnjẹ àti àyè.

Oúnjẹ rẹ̀ ni ṣúgà. Insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ẹran ara, ilẹ̀kùn yẹn sì máa ń le lára ọ̀pọ̀ àwa tó ní PCOS. Ara á máa tú insulin síta sí i, insulin yẹn á sì máa ti ilé ẹyin kó máa pèsè họ́mọ́nù ọkùnrin. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ṣúgà oṣù mẹ́ta hàn (HbA1c), tèmi jẹ́ 6.1%; 6.5% ni àtọ̀gbẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti àyè ńkọ́? Kápúsù doxycycline, antibáyótíìkì tí mo ń lò fún irorẹ́ láti oṣù dé oṣù ló ṣí i sílẹ̀, torí ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara. Kò sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀ fún mi rí. (Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní PCOS ni ìwúkàrà ń dà láàmú o. Ẹ̀gbọ́n mi ní in, kò yún un rí.)

Fluconazole 150 mg, oògùn tó ń pa ìwúkàrà, ni mo lò ní ọjọ́ kìíní, ìkẹrin àti ìkeje, lẹ́yìn náà ẹyọ kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé n ò lóyún. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbé e mì, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ti metformin, oògùn tí wọ́n fún mi nítorí ọ̀rọ̀ insulin yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ṣáláńgá tí mo bá gbogbo ilé jà lé lórí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn.

Ti oúnjẹ ló le jù. Ọmọ Okun, kí n fi iyán sílẹ̀? Mi ò fi í sílẹ̀. Òkèlè ni mo dín, mo fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un. Mínírà méjì tí mo máa ń mu lójúmọ́ nídìí máṣíìnì ni mo jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Omi lásán ni mo fi ń fọ ìta ojú ara. Inú, mi ò kàn án mọ́. Pátá òwú ni mò ń wọ̀, àjẹkù aṣọ ni mo fi ń rán an fúnra mi, síkẹ́ẹ̀tì ni mo sì ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló padà, lẹ́yìn antibáyótíìkì tí wọ́n fún mi nígbà tí mo yọ eyín.

Tíṣà, Ìsánlú:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Èmi náà ní PCOS, torí náà gbogbo ohun tó bá ti ṣe mí lábẹ́ ni mo ń pè ní ìwúkàrà. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ki oògùn bọ̀ ọ́. Tèmi ṣàn, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, ó sì ń rùn bí ẹja, pàápàá tí bàbá ilé bá ti súnmọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n wò ó, kò sí ìwúkàrà kankan níbẹ̀, bakitéríà ni. Oògùn ọ̀tọ̀, ọjọ́ méje, ó tán.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀:

Èmi náà ní PCOS, àtọ̀gbẹ sì ti kún un. Wọ́n fún mi ní dapagliflozin, èyí tó ń da ṣúgà jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni ìyún dé, ìtọ̀ mi sì ń fa èèrà. Ọlọ́run ló ní n kò dá a dúró fúnra mi. Mo padà lọ sọ fún dókítà, ó yí i padà.

Kọ́pà, àgọ́ Asaya:

Ẹ̀yin mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnìkan nínú yàrá wa ní kí n bó àyù kan, kí n kì í bọ̀ ọ́ mọ́jú. Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?

Aránṣọ, Kàbà:

Àbúrò mi, fi àyù yẹn sínú ọbẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Inú bàsíà omi tútù ni mo jókòó sí títí àkùkọ fi kọ.